Aago Tí Ìyá Mi Ń Kà Nínú Dígí

Ní ilé wa ní Cadjèhoun, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ṣe iṣẹ́ àkùkọ. A ní àkùkọ o, ṣùgbọ́n ariwo pápá ọkọ̀ òfuurufú ti da orí rẹ̀ rú, ìgbà tó bá wù ú ló ń kọ. Nítorí náà, ọkọ̀ ńlá tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ nírọ̀lẹ́ ni ìyá mi fi ń mọ ìgbà. Tó bá ti kọjá lórí páànù wa, tí àwo inú àpótí oúnjẹ sì gbọ̀n, a ó gbé ìkòkò kaná. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá pẹ́, àwa náà á jẹun pẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa ń bínú sí ìyá mi nítorí rẹ̀. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dún láàárọ̀, ìró omi àlùwàlá bàbá mi á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà agogo Délégé, olórí àdúgbò wa. Àgbàlá wa kò tóbi: yàrá méjì àti pálọ̀ lápá kan, ilé ìdáná alápákó lápá kejì, igi máńgòrò láàárín. Abẹ́ igi náà ni ìyá mi ti ń di irun fáwọn oníbàárà rẹ̀, ibẹ̀ náà la ti ń jẹ àkàsà àti ẹja díndín lálẹ́, ibẹ̀ náà la sì ti ń jà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìjọba tuntun tí wọ́n ń pè ní Refolusíọ̀nù ti wọ ilé gbogbo wa. Wọ́n á kí wa ní “Ehuzu”, àwa á dáhùn ní “Dandan”. Èdè Fọ̀n ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan ti yí padà, kò sì sí ohun tẹ́nì kan lè ṣe sí i. Nílé tiwa, ohun tó yí padà ni pé ṣúgà wọ́n, àti pé a kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá mọ́. Kámáráàdì ni gbogbo wa. Délégé ni kámáráàdì tí wọ́n yàn lé àdúgbò wa lórí. Télọ̀ ni kó tó di ẹni ńlá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọrùn gígùn. Òun ló ń lu agogo iṣẹ́ àpapọ̀ tí gbogbo wa fi ń jáde lọ ro oko etí títì, òun ló sì ń wọlé kiri láti wo ẹni tó ń gbé ìgbé ayé bùrùjúwà. Bùrùjúwà, níwọ̀n bó ṣe yé mi nígbà náà, ni olówó tí kò tíì di ọ̀rẹ́ Délégé. Ohun kan wà tó ń ya gbogbo àdúgbò lẹ́nu nípa agogo rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á lù ú kí oòrùn tó yọ. Lọ́jọ́ mìíràn, á lù ú nígbà tí a ti ń ronú oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn àgbà ní bóyá bí Refolusíọ̀nù ṣe ń ka àkókò nìyẹn.

Bàbá mi, Sùlé, ń ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ẹrù jáde fún àwọn oníṣòwò òkè ọya. Ọ̀kan nínú wọn, tí inú rẹ̀ dùn pé ẹrù òun jáde láì fọ́, fún un ní aago kan tí irú rẹ̀ kò sí ládùúgbò wa. Kò ní ọwọ́, kì í dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Àpótí dúdú ni, iná mànàmáná ló ń jẹ, nọ́ńbà mẹ́rin ló sì ń tàn pupa lójú rẹ̀. Bàbá mi gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kò tíì pé wákàtí kan tí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, nítorí bí irú nǹkan báyìí kò bá jẹ́ ti bùrùjúwà, kí ló tún kù tó jẹ́ ti bùrùjúwà? Ó ronú títí, ó sì rí ọgbọ́n dá. Ó gbé aago náà sójú fèrèsé yàrá rẹ̀ tó kọjú sí àgbàlá, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ẹni tó bá wọlé wá, àpótí dúdú kan ló máa rí, ó lè jẹ́ rédíò tó ti kú. Ojú aago náà wá ń wo dígí gígùn tó wà lára ògiri níwájú rẹ̀ nínú yàrá, àwa tá a mọ̀ sì lè ti abẹ́ igi máńgòrò wo nọ́ńbà pupa nínú dígí. Báyìí la ṣe ní aago tó wà nílé tí kò sì sí nílé. Bàbá mi gbà pé kò sí ẹni tó lè rí i fín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nọ́ńbà náà ṣe rí. Wọn kò tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bíi ti ìwé. Ọ̀pá iná tín-ín-rín, bí igi ìṣáná, ni wọ́n fi to ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Òdo, ọ̀kan àti ẹ̀jọ kò bìkítà fún dígí, bí wọ́n ṣe rí níta ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí 2 bá wo dígí, 5 ló máa rí; bí 5 bá wò ó, 2 ni. Àwọn yòókù á kọ ẹ̀yìn sí ibi tó yẹ kí wọ́n kọjú sí. Èyí tó wà lápá òsì á sì bọ́ sí apá ọ̀tún. Bàbá mi tó mọ̀wé, bó bá fẹ́ mọ aago, á dúró lábẹ́ igi, á máa mi ètè, á máa yí ìka rẹ̀ lófuurufú. Ìyá mi kò ní wàhálà kankan. Kò dé iléèwé òyìnbó rí, kéwú ló kà nílé bàbá rẹ̀ ní Pobè, ní tirẹ̀, ohun tí a bá ń kà láti ọ̀tún wá sí òsì ni ìwé gidi. Inú dígí ni bàbá mi ti fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan hàn án, ó sì mọ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe rí níbẹ̀. Ohun tí olùkọ́ mi ń pè ní 2, àrún ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ohun tí olùkọ́ mi ń pè ní 5, èjì ni. Ó ń kà á láti ọ̀tún, kì í ṣì í kà, ó sì ń yára ju bàbá mi lọ. Bàbá mi kò fẹ́ràn kí a máa sọ ìyẹn níwájú àlejò.

Ibẹ̀ ni eré wa ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá mi bá ń di irun, èmi á jókòó tì í, màá máa na òwú sí i. Èmi á ka dígí láti òsì bí wọ́n ṣe kọ́ mi níléèwé, ìyá mi á kà á láti ọ̀tún bí kéwú. Ohun tá à ń wá ni àkókò tí àwa méjèèjì máa pè ní ohun kan náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni tèmi máa ń jẹ́ ìsọkúsọ, aago tí kò sí lábẹ́ ọ̀run. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pariwo 12:51, ìyá mi náà ní méjìlá kọjá mọ́kànléláàádọ́ta. A wo ara wa. Mo sáré wọ yàrá lọ wo ojú aago fúnra rẹ̀: 12:51 ni. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ ẹja lójú omi. A rí 10:01, a rí 15:21, a rí 20:05 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. “Aago olóòótọ́” ni ìyá mi ń pè wọ́n, torí pé ohun tí wọ́n ń sọ níwájú ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é ló máa jẹ orí ẹja. Wọn kò pọ̀ lóòjọ́. Mo ti wá lọ́kọ báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ wọn ń dọ́gba níwọ̀n bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ ti gbìyànjú gan-an.

Ààwẹ̀ ti dé ìdajì nígbà tí Ìyá Ṣakété dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, bàbá mi sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bó ṣe ń bẹ̀rù Délégé lọ. Ẹsẹ̀ tó wú ló gbé e wá sí ọsibítù. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó má mu ún láì jẹun, wọ́n sì ní ààwẹ̀ kò pọn dandan fún aláìsàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń gba ààwẹ̀ rẹ̀ lọ; á jẹ sààrì dáadáa, á mu oògùn lé e, ó parí. Bàbá mi fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún un, òun wá ń sùn ní pálọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé gan-an ló pe bàbá mi. “Sùlé, kí ni ojú pupa tó ń wò mí nínú dígí yìí? Mi ò lè kírun níwájú irú nǹkan báyìí.” Kò dúró de èsì. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ elésè àlùkò, ó fi bo dígí náà látòkè délẹ̀. Bàbá mi mọ̀ pé ìyá mi ló ń jí ilé fún sààrì, pé ó sì nílò aago. Ó wá yí aago náà padà, ó jẹ́ kó kọjú sí àgbàlá, ó ní òun á tún un yí padà láàárọ̀ kí Délégé tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Bóyá ó rò pé ohun tí òun ti mú rọrùn kò nílò àlàyé.

Ní ìdájí, ìyá mi jí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo fèrèsé bó ṣe máa ń wò ó, ó rí nọ́ńbà pupa nínú òkùnkùn. Ó kà á láti ọ̀tún: aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ní ilẹ̀ ṣì jìnnà sí mímọ́, ó padà lọ sùn. Ohùn ladáánì ló jí gbogbo wa. Kò sí iná, kò sí ògì, kò sí nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ààwẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbé kẹ́tùlù àlùwàlá. Ìyá Ṣakété jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, ó ń wo oògùn náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa,” ìyá mi kúnlẹ̀. “Mo jí. Aago kan ni mo rí, mo ní ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.”

“Aago kan,” ni Ìyá Ṣakété wí. “Ìwọ tí Sùlé ń fi kíkà aago rẹ yangàn dé Ṣakété. Ìyàwó, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí o kò bá fẹ́ mi nílé ọkọ rẹ, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọn kì í fi ebi lé àlejò.”

Ó gba ààwẹ̀ náà láìmu oògùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú sí i kó tó di ọ̀sán. Lójú wa níbẹ̀, ó sọ ìdájọ́ rẹ̀ fún bàbá mi: lọ́jọ́ kejì, ìyá mi máa di ẹrù lọ sí Pobè, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò ti ṣe Ìtúnu. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Obìnrin tó bá gbẹ́rù lọ sílé bàbá rẹ̀ nígbà tí ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe pé ó lọ kí wọn. Gbogbo Pobè ló máa bi í ohun tó ṣe, kí ló sì fẹ́ sọ? Pé òun ka aago? Ìyá mi jókòó sábẹ́ igi láìdi irun ẹnikẹ́ni. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé, “Ṣùgbọ́n mo rí i. Mo rí i.” N kò tíì rí i kó ṣiyèméjì lórí ojú ara rẹ̀ rí, ó sì dùn mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro 1:20 náà nínú orí mi bí eré wa. Mo to nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú igi ìṣáná sílẹ̀, 01:20, mo sì yí i bí dígí ṣe ń yí i. Ohun tó jáde ni 05:10. Mo wo fèrèsé. Àpótí dúdú ti kọ ẹ̀yìn sí wa bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n nínú yàrá, ibi tí dígí wà, ìborùn elésè àlùkò ló wà níbẹ̀. Nígbà náà ló yé mi pé ojú aago gan-an ni ìyá mi kà lóru, kì í ṣe dígí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jókòó sí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ igi. Ìyá Ṣakété na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, bàbá mi wolẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Délégé fi wọlé. “Ehuzu.” “Dandan,” la dáhùn, láìsí ẹni tó gbójú sókè. Bí ó ṣe rí pé ìjà wà nílẹ̀, ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ọ̀rọ̀ àwùjọ ni. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ẹ gbé aago jáde kí ìyá mi tún un kà.”

Ìyá Ṣakété béèrè ẹni tó pe ọmọdé sí àárín àgbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò wo èmi tàbí òun, Délégé ló ń wò. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Nínú ilé yìí, bí ẹnì kan bá ti sọ “aago” níwájú Délégé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bàbá mi lè sọ pé aago wo, kó ní ọmọdé ń ṣe wèrè, ìyá mi á sì lọ sí Pobè. Ó wo ìyá mi níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó dìde, ó wọlé, ó sì gbé aago náà jáde fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá mi lákòókò yẹn débi pé mi ò lè wò ó.

Délégé yẹ aago náà wò tọ̀tún tòsì. “Ó dáa tẹ́ ẹ gbé e jáde, kámáráàdì,” ni ó wí. “Ọrùn ti ń dùn mí nídìí ògiri yín. Níbo lẹ rò pé mo ti ń wo àkókò tí mo fi ń lu agogo?”

Bàbá mi jókòó lójijì. Ọ̀rọ̀ agogo tó ń dún nígbàkúgbà wá yé gbogbo wa: láti òsì ni Délégé ń ka dígí. Wọ́n fa okùn iná láti inú yàrá, wọ́n ki aago náà bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀, ó kàn ń ṣẹ́jú: 00:00. Délégé ní kí ni ìyẹn. Ìyá mi ní òdo ni. Bàbá mi ní òdo ni. Ìyá Ṣakété, tí kò mọ̀wé, ní òun náà rí òdo. Nǹkan kan ṣoṣo tí gbogbo àgbàlá wa fohùn ṣọ̀kan lé lórí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Mo ní kí ìyá mi kẹ̀yìn. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn aago, nọ́ńbà ń sáré, mo dá a dúró sí 05:10. Bàbá mi àti Délégé kà á sí Ìyá Ṣakété létí: aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kí ìyá mi yíjú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. “Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú,” ni ó wí, ó sì rí i lójú gbogbo wa pé ohun mìíràn la ti gbọ́.

“Ẹ rí i,” ni Ìyá Ṣakété wí. “Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ.”

Bàbá mi dìde. Ó wọlé, ó tú dígí kúrò lára ògiri, ó gbé e wá síwájú aago náà, ìborùn ṣì rọ̀ mọ́ ọn lórí. Délégé bá a ká ìborùn, ó fi kọ́ èjìká. Bí ìyá mi ṣe wo dígí, ojú rẹ̀ là. Ó ní, “Márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Délégé tẹ bọ́tìnnì, ìyá mi ka òmíràn. Délégé tún tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé, ìyá mi ń pè wọ́n láìdúró, bàbá mi ń wo ojú aago fúnra rẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Omijé ń dà lójú ìyá mi bó ṣe ń kà wọ́n. Kò nù ún.

“Ó ń kà á nínú dígí,” ni Délégé wí. “Nínú dígí nìkan. Ta ló wá bo dígí?” Kò mọ nǹkan kan, ó kàn béèrè, pẹ̀lú ìborùn elésè àlùkò náà léjìká rẹ̀.

Ìyá Ṣakété wo ìborùn rẹ̀. “Aṣọ mi ni. Ṣé aṣọ mi ló ní kí wọ́n yí aago padà?”

“Èmi ni mo yí i, Ìyá mi,” ni bàbá mi wí. “Mi ò sọ fún un.”

“Ìwọ, Sùlé?” Ó wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀. “Ó dáa. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká lọ wo oúnjẹ ìṣínu.” Ọ̀ràn tó tó lé ìyàwó dé Pobè láàárọ̀ wá di àṣìṣe lásán nírọ̀lẹ́, kìkì pé ó ti bọ́ sọ́rùn àbúrò rẹ̀. Ìyá mi kò dìde. “Ìyá wa,” ó ní, “ṣé kí n ṣì di ẹrù?” “Ẹrù wo?” ni Ìyá Ṣakété dáhùn, bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọrọ àforíjì, a kò sì gba jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì títí ààwẹ̀ fi parí, bàbá mi ló ń jí fúnra rẹ̀, tó ń kan ilẹ̀kùn ìyá mi, tó sì ń dá iná ògì.

Délégé gbé aago náà lọ. Ó ní ohun tí gbogbo ènìyàn ń wò, ti gbogbo ènìyàn ni. Wọ́n gbé e sí ilé ìgbìmọ̀ àdúgbò, níbi tí iná ti kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí ó sì padà dé, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó tún aago náà tò. Ní gbogbo ọdún tí Refolusíọ̀nù fi wà lórí àléfà, tí wọ́n ń kígbe pé nǹkan ti yí padà, 00:00 ni aago náà ń ṣẹ́jú sí wa nígbà tí a bá ń kọjá. Ìyá mi máa ń yọjú wò ó. Á ní, “Aago olóòótọ́.”

Ìyá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí, a ò sì jìnnà sí Cadjèhoun. Mo ra fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi fún un. Bó bá fẹ́ mọ aago, á dìde, á lọ síwájú dígí yàrá rẹ̀, á gbé fóònù sókè, á kà á láti ọ̀tún. Àwọn ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo ní, “Ìyá, ẹ lè wò ó níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, mo lè kọ́ yín.” Kò tilẹ̀ yíjú. Ó wò mí nínú dígí, níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn rẹ̀.

“Mo mọ̀ pé o lè kọ́ mi,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n níbí yìí, bí ẹnì kan bá fẹ́ yí i padà lẹ́yìn mi, màá rí i.”